Orúkọ Tí Mojírádé Tọ́ Wò

Ọ́fíìsì Mojírádé ti gùn títí, ojú kò rí ìpẹ̀kun rẹ̀ mọ́. Àwọn ènìyàn tò sórí ìlà lápá ọ̀tún. Orúkọ wọn náà tò sórí ìlà lápá òsì, olúkúlùkù kọjú sí ẹni tó ni ín, wọ́n ń mí. Kọ̀ǹpútà jókòó sórí àga Mojírádé, ó ń ka iṣẹ́ tí obìnrin náà fi Páítọ̀n, èdè tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́, kọ fún un: mú ẹnì kan lọ́tùn-ún, mú orúkọ kan lósì, so wọ́n pọ̀. Bí ìlà kan bá tán, dáwọ́ dúró. Orúkọ tó bá ti jáde kò ní padà.

Fọlárìn ọkọ rẹ̀ ló wà níwájú. Àṣàkẹ́ ìyá rẹ̀, tí wọ́n ti sin tipẹ́, tẹ̀lé e, ó ń bó ọsàn. Tiwalọlá ọmọ rẹ̀ ló kẹ́yìn, ó di aṣọ ìyá àgbà mú.

Ẹni tó ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà kò lè ṣe kó má tọ́ ọ wò. Mojírádé pe orúkọ kan jáde, bí ẹni tó ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò, kó lè mọ̀ bóyá ìlà náà ń ṣiṣẹ́. Orúkọ Fọlárìn bọ́ sí i lọ́wọ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó fẹ́ dá a padà, ṣùgbọ́n àwọn tó kù ti sún síwájú.

“Ẹ̀yin lẹ pè é, mà,” ni kọ̀ǹpútà wí.

Kọ̀ǹpútà so orúkọ Àṣàkẹ́ mọ́ Fọlárìn lọ́rùn. Fọlárìn kò jiyàn. Ó ró ìró bí ìyá àgbà, ó sì jáde. Orúkọ tó kàn ni Tiwalọlá, ẹni tó sì kàn ni Àṣàkẹ́.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á. Tọmọ ni.”

“Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí, Mojí,” ni ìyá rẹ̀ wí. Ó na ọrùn, ó gba orúkọ náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìlà orúkọ tán. Kọ̀ǹpútà kò sọ pé nǹkan kan ṣẹ̀. Iṣẹ́ ti parí lójú tirẹ̀, ó sì paná.

“Èmi ńkọ́, Mọ́mì?” ni Tiwalọlá bèèrè.

Mojírádé fẹ́ so orúkọ Fọlárìn mọ́ ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀ bọ́ ni. Ó na ọwọ́ nínú òkùnkùn, kò kan ẹnì kankan.

Ó jí. Oòrùn ti yọ. Wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ dáadáa, òórùn èèpo ọsàn sì gba gbogbo ilé.

“Tiwalọlá,” ló pè.

Láti ilé ìdáná, ohùn ìyá rẹ̀ dáhùn bí ọmọdé ṣe ń dá àgbà lóhùn:

“Mà?”