Imú Agbọ́tí

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí imú agbọ́tí ti lọ àjò láì dágbére. Ọ̀fìnkìn lásán ló bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fìnkìn lọ, òórùn ò padà. Ó gbé àlùbọ́sà símú, kò gbọ́ nǹkan kan. Àǹtí, àbúrò ìyá rẹ̀, nìkan ló sọ fún, ìyẹn olórí alásè, tó bẹ Ọ̀gá tó ni ilé oúnjẹ náà títí tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ níbẹ̀. Tí Ọ̀gá bá lọ gbọ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, torí imú yẹn gan-an ló fi ń mọ wáìnì tó dáa àti oúnjẹ tó bá a mu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọ̀gá gbé wáìnì funfun tuntun láti Ítálì kalẹ̀. Ìgò náà tutù débi pé omi ń ṣàn lára rẹ̀.

“Tọ́ ọ wò, kó o sọ oúnjẹ tá a máa gbé tì í fún mi.”

Agbọ́tí rọ díẹ̀ sínú gíláàsì, ó yí i, ó ti imú bọ̀ ọ́. Òfo. Ó tọ́ ọ wò, ahọ́n rẹ̀ ṣì gbọ́ kíkan. Ó wá rántí àwọn irú ẹ̀ tó ti mu rí, ló bá ń rò ó bí ẹni ń kàwé.

“Ó ń ta sánsán bí òdòdó ọsàn, sà. Ẹja díndín ló bá a mu, ká fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Edé náà dáa, àti wàràkàṣì rírọ̀. Ẹ má ṣáà gbé ọbẹ̀ ata tì í, á bò ó mọ́lẹ̀.”

Ọ̀gá gbé gíláàsì símú, ó yára gbé e kalẹ̀.

“Òdòdó ọsàn kẹ̀? Páálí tí òjò pa lèmi ń gbọ́. Ìdérí ìgò yìí ti bu, ó ti ba wáìnì inú ẹ̀ jẹ́.”

Agbọ́tí mọ̀ pé àṣírí ti tú. Òórùn tí ọmọdé á gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà lòun dúró tó ń yìn. Kò lè parọ́ mọ́.

“Imú mi ò gbóòórùn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé mi. Àǹtí mi á máa bá mi gbóòórùn, èmi á máa sọ oúnjẹ.”

Kí Ọ̀gá tó dáhùn, ó ti sáré lọ fa Àǹtí jáde nílé ìdáná. Ọ̀gá ṣí ìgò kejì wáìnì kan náà, ó rọ díẹ̀ sí gíláàsì mìíràn fún Àǹtí.

“Èmi tí mi ò mutí rí?” ni Àǹtí wí.

“Ẹ ṣáà gbóòórùn ẹ̀, Àǹtí. Ẹ má mu ún.”

Àǹtí gbé gíláàsì símú, ó dijú. “Háà! Ápù tí kò tíì pọ́n nìyí. Èèpo ọsàn wà níbẹ̀, àti koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.”

Omi lé ròrò sójú agbọ́tí. Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Àṣé Àǹtí ò tíì parí.

“Ẹja tí mò ń họ ìpẹ́ ẹ̀ lọ́wọ́ yìí, mi ò ní din ín. Òróró á pa òórùn dáadáa yìí. Ooru omi ni màá fi sè é.”

Ojú Àǹtí ni Ọ̀gá ń wò, kò wo agbọ́tí mọ́.

“Màmá, láti òní lọ, ẹ̀yin lẹ ó máa tọ́ wáìnì wò. Ọmọ yìí á máa gbé àwo.”

“Rárá o, sà! Ọmọ mi ló niṣẹ́ ẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí wí, àmọ́ kò mọ ìgbà tó tún gbé gíláàsì náà símú. Agbọ́tí rí i. Ó yọ irin tó fi ń ṣí ìgò látinú àpò, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Àǹtí tó kún fún ìpẹ́ ẹja, ó sì lọ wá àwo tó máa gbé.