Ẹ Kọ́kọ́ Gbé Ẹsẹ̀ Síwájú

Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti ṣubú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì dá, ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń sọ pé òun yóò gbé màmá lọ sílé òun, kí bàbá wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Màmá kò lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Bàbá ló ń gbé omi fún un, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun náà ló ń yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rinlẹ̀ kò lè tọ́jú ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá dé eegun.

"Èmi àti ìyá yín ò tíì kú," ó ní, "ẹ ti ń pín wa bí ogún."

Ojú tì mí. Bí mo ṣe mú un lọ sílé ìwòsàn nìyẹn, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn àgbà bí wọ́n ṣe lè kọsẹ̀ kí wọ́n má ṣubú. Àǹtí Taari ni àwọn àgbà náà ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Yóò fi okùn so wọ́n mọ́ àjà, yóò ní kí wọ́n máa rìn lórí ẹ̀rọ tí ilẹ̀ rẹ̀ ń yí, láìròtẹ́lẹ̀, yóò já ilẹ̀ náà gbà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ta ní í mú bàbá rẹ̀ wá kí wọ́n wá fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ?

Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá ti fà á, bàbá á yíjú padà wo ohun tó mú un kọsẹ̀, okùn ló sì máa ń gbà á sílẹ̀. Obìnrin náà bi í pé kí ló ń wò. Bàbá ní ọmọdé tó bá ṣubú ló ń wo iwájú, àgbà tó bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò.

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ni, bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì ṣubú. Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ síwájú ná, kó gùn. Tẹ́ ẹ bá dúró tán, ẹ wá wẹ̀yìn."

Orúnkún ń ro bàbá, ó ń kanra mọ́ mi nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò pa ọjọ́ kan jẹ. Díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá ju ojú rẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kò dúró dè é. Ó dé láàárọ̀ Sátidé kan pẹ̀lú àpò ńlá tó fẹ́ kó aṣọ màmá sí, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Mo ṣì ń bẹ̀ ẹ́ nígbà tí bàbá ti ilé ìdáná bọ̀ pẹ̀lú ife tíì màmá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ há sínú okùn àpò. Mo nawọ́, ọwọ́ mi kò tó o. Ara rẹ̀ ti ń lọ síwájú kí ẹsẹ̀ kejì tó yọ síwájú, ẹsẹ̀ náà sì tẹ ilẹ̀ gbì. Orúnkún rẹ̀ tẹ̀, ó gbọ̀n, ó dúró.

Màmá gbọ́ ariwo náà. Ó béèrè láti orí ibùsùn pé ta ló ṣubú.

Bàbá ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Kò sẹ́ni tó ṣubú," ó ní. "Tíì rẹ ló dànù díẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú okùn àpò kúrò lẹ́sẹ̀ bàbá, ó gbé àpò náà padà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tó wọlé, ó ní kí òun lọ po tíì mìíràn. Bàbá ní rárá, òun ni yóò pò ó.