Náílọ́ọ̀nù Orí Táǹkì

4.

…ó sì tún fà á. Okùn ẹ́ńjìnnì náà kàn sáré padà sílé rẹ̀ ni. Ẹ́ńjìnnì ò tilẹ̀ wúkọ́.

(Ẹ má wá ìpín oókan sí ẹẹ́ta. Èébú ló kún ibẹ̀.)

5. OHUN TÍ ỌMỌBÌNRIN NÁÀ NÍ

Ọmọ tòmátì irínwó, tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ lọ́ sórí ebè.
Odò kan nísàlẹ̀ oko.
Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń fa omi, ẹ̀bùn bàbá rẹ̀.
Oòrùn. Ìyẹn ti pọ̀ jù.

6. OHUN TÍ KÒ NÍ

Omi, láti ìjẹta. Ewé ti ń sorí kọ́. Bí omi ò bá dé ibẹ̀ lónìí, ó parí.
Ọ̀rọ̀ pẹ̀lú bàbá rẹ̀, láti oṣù mẹ́jọ.

7. ÌWÉ TÍ BÀBÁ LẸ̀ MỌ́ ILẸ̀KÙN ṢỌ́Ọ̀BÙ

BÀBÁ Ẹ́ŃJÌNNÌ.
ÈYÍ TÓ BÁ KÚ, Ẹ GBÉ E WÁ.

(nísàlẹ̀, bírò pupa)
Ọmọ mi ò sí níbí mọ́. Ó ní oko lòun fẹ́.

8. ÀTẸ̀JÍṢẸ́, AAGO MÉJE ÀÁRỌ̀

ỌMỌ: Màámi, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́. Ẹ má sọ fún wọn o.
ÌYÁ: Mo ti sọ fún wọn.

9. LÓRÍ FÓÒNÙ. ÌYÁ WÀ LÁÀÁRÍN

ÌYÁ: Wọ́n ní ṣé epo wà níbẹ̀?
ỌMỌ: Ó kún.
ÌYÁ: Ó ní ó kún… Wọ́n ní púlọ́ọ̀gì ńkọ́, ṣé ó ń ṣáná?
ỌMỌ: Mo tú u, mo nù ún. Ó ń ṣáná dáadáa.
ÌYÁ: Ó ní… Ó tó! Bàbá Ẹ́ńjìnnì, oṣù mẹ́jọ lẹ ti ń fọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí. Tòsì dà? Ẹ gba fóònù. Ọbẹ̀ mi ń jóná.

Ìyá rẹ̀ kì í sebẹ̀ láàárọ̀.

10.

Ó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń mí. Díẹ̀ ló kù kó pa fóònù.

11.

BÀBÁ: Wo ẹnu púlọ́ọ̀gì. Ó tutù ni àbí ó gbẹ?
ỌMỌ: Ó gbẹ, sà.
BÀBÁ: Epo ò dé ibẹ̀ nìyẹn. Kí lo fi bo orí táǹkì epo?
ỌMỌ: …Náílọ́ọ̀nù. Òjò ṣú níjẹta, mo fi okùn dè é pinpin kí omi má baà wọ inú ẹ̀. Òjò ọ̀hún ò tilẹ̀ rọ̀. Ẹ̀yin lẹ fún mi, Bàámi. Mi ò fẹ́ kó bàjẹ́.
BÀBÁ: Ihò kan wà lórí ìdérí yẹn, bíńtín. Ibẹ̀ ló ti ń mí. Bí atẹ́gùn ò bá wọlé, epo ò ní sọ̀ kalẹ̀. Ìkẹ́ lo fẹ́ẹ̀ fi pa á.
ỌMỌ: Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín báyìí.
BÀBÁ: Ta ni màá fi rẹ́rìn-ín? Èmi tí mo fẹ́ tì ọ́ mọ́ ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?

12.

Ó tú náílọ́ọ̀nù, ó ṣí ìdérí. Táǹkì mí: *fíìììì*.

Òun náà mí.

13. BÍ BÀBÁ ṢE PÈ É FÚN UN

Dé e padà. Ṣí ẹnu epo tó wà nísàlẹ̀ táǹkì.
Ka oókan dé ogún. Má kánjú bíi ti ìyá ẹ.
(ÌYÁ, láti yàrá kejì: Mo gbọ́ o!)
Fà á.

14.

Gbù.

15.

Gbù-gbù. Ó dákẹ́.

ỌMỌ: Ó tún ti kú.
BÀBÁ: Irọ́ ni. Mo gbọ́ tó wúkọ́. Òkú kì í wúkọ́. Gbé fóònù sórí ebè, má pa á. Mo wà níbí. Tún fà á.

16.

Ó gbé fóònù sáàárín ọmọ tòmátì méjì. Ó fẹsẹ̀ rinlẹ̀. Ó di okùn mú, ó sì fà á…