Omi Ni Ibí Yìí Tẹ́lẹ̀

3.
…Oyinkọ́lá kò sì purọ́ nínú ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Màmá Wonder gan-an ló kọ. Ìyẹn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

1.
Oyinkọ́lá Adéjìmí ń kọ́ni ní ìtàn àyíká ní yunifásítì kan ní Akoka. Ọdún mẹ́rin ló fi ń lọ sétí ọ̀sà ní Bàrígà, tó ń jókòó ti Màmá Wonder, ìyá àgbà ará Ìlàjẹ tó ń yan ẹja, tó ń bi í bí omi ṣe rí nígbà èwe rẹ̀.

2. OHÙN TÍ Ó GBÀ SÍLẸ̀

MÀMÁ WONDER: Ibi tá a jókòó sí yìí, omi ni tẹ́lẹ̀. Ìdọ̀tí àti lẹ́búlẹ́bú pákó la fi dí i ká tó kọ́lé.
OYINKỌ́LÁ: Ẹ̀yin fúnra yín, mà?
MÀMÁ WONDER: Àwa náà ni. Ọmọ mi, má kọ ìyẹn o.
OYINKỌ́LÁ: Mi ò ní kọ ọ́, mà.

4.
Ó kọ ọ́.

5. LẸ́TÀ
Inú ìgbìmọ̀ dùn láti sọ fún yín pé ẹ ti di Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìwé yín lórí etí ọ̀sà Bàrígà ló wú wa lórí jù.

7. OHÙN MÀMÁ WONDER LÓRÍ WHATSAPP, AAGO MẸ́SÀN-ÁN ÀÁRỌ̀
Oyinkọ́lá ọmọ mi, wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ògiri wa. Àwọn tó mọ̀wé ti lọ síbi iṣẹ́, ó dìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó dé. Jọ̀ọ́, wá bá wa kà á.

6. BÉBÀ NÁÀ, NÍNÚ FỌ́TÒ TÍ MÀMÁ WONDER FI RÁNṢẸ́

KÍ GBOGBO ẸNI TÓ Ń GBÉ IBÍ KÓ KÚRÒ LÁÀÁRÍN ỌJỌ́ MỌ́KÀNLÉLÓGÚN.
Ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n O. Adéjìmí fi hàn pé àwọn ará ibí fúnra wọn ló dí omi ìjọba.

8. OHUN TÓ TẸ̀ SÓRÍ FÓÒNÙ NÍNÚ KẸ̀KẸ́, TÓ SÌ PA RẸ́
Ẹ̀yin Olóòtú, mo fẹ́ kí ẹ yọ ìwé mi
Ẹ̀yin Olóòtú,
Màámi, ẹ jọ̀ọ́

9.
Àwọn obìnrin bíi mẹ́wàá ti dúró dè é. Èéfín ẹja ń ta á lójú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ èéfín. Ó ka iye ọjọ́. Nígbà tó kan orúkọ ara rẹ̀, ó fò ó bí ẹni fo gọ́tà.

10.
“Ṣé ó parí?” obìnrin kan bi í.
“Ó parí, mà.”
Ariwo sọ. Ẹnì kan ń sunkún. Ẹlòmíì gbá Oyinkọ́lá mọ́ra, ó ní, “Ọlọ́run ló fi yín jíǹkí wa.”

Bébà ni Màmá Wonder ń wò.

11.
“Èmi ò mọ̀wé, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mo mọ ojú èèyàn.” Ó fi ìka kan ìlà kejì. “Ibí yìí ni ojú rẹ ti yí padà. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?”