Fìlà Tó Jókòó Lórí Àga Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹfà ọdún 1975, ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ni Babárìndé gba àga mi. Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe garawa àti abọ́ rọ́bà lọ́nà Ìpájà. Babárìndé ni fọ́ọ̀máànù wa. Ó ní òun gbọ́ pé mò ń lọ sí iléèwé alẹ́, pé wákàtí méjì gbáko ni mo fi ń jókòó níbẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí náà mo ti jókòó tó. Ó gbé àga náà lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì fi fìlà rẹ̀ lé e lórí. Láti ọjọ́ náà, fìlà ló ń jókòó, èmi ni mò ń dúró.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ó ní bí òun kò bá sí nítòsí, kí n máa kí fìlà náà. Mo kí i. Ẹni tó níyàwó àti ọmọ kan, tó ń san owó ilé ní Ẹ̀gbẹ́dá, kò lè tìtorí fìlà sọ iṣẹ́ nù. Ṣùgbọ́n mo ní ìwé kékeré kan ẹlẹ́yìn pupa tí mò ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. "Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án: mo kí fìlà lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ karùn-ún: mo kí fìlà, Babárìndé ní ẹ̀yìn mi kò tẹ̀ tó, mo tún un kí." Ẹran tí Babárìndé mú nínú abọ́ oúnjẹ mi láàárín ọdún méjì jẹ́ mọ́kànlélógójì. Mi ò ka pọ̀nmọ́ mọ́ ọn.

Nígbà tó di ọdún 1977, tí owó epo ti pọ̀ nílùú, iléeṣẹ́ wa ra ẹ̀rọ tuntun láti Ítálì. Ẹ̀rọ náà ń ṣe garawa, ó ń kà á, ó sì ń tò ó jọ. Kíkà àti títò ni iṣẹ́ tèmi. Máníjà wa, Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé, pè mí, ó ní iṣẹ́ mi ti tán, kí n gba owó oṣù méjì, kí n sì fọwọ́ sí ìwé pé èmi fúnra mi ni mo fẹ́ lọ. Mo tọrọ ọ̀sẹ̀ kan kí n fi rò ó.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ dúró. Iléèwé kan ní Ìgándò ti ṣèlérí iṣẹ́ akọ̀wé fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀, bí mo bá mú lẹ́tà wá pé n kò jẹ̀bi ohunkóhun níbi tí mo ti ń bọ̀. Lẹ́tà yẹn ni mo fẹ́, àti owó gbà-má-bìínú oṣù mẹ́fà nítorí ohun tí ojú mi rí, kí n má sì rí Babárìndé mọ́ láyé mi.

"Ẹ ò lè dá lọ," ni Hàbíbátù ìyàwó mi wí. "Ẹni tó ń kí fìlà, ṣé òun ló máa bá máníjà dúnàá-dúrà?"

"Ta wá ni kí n mú lọ?"

"Bàbá Ìbíyẹmí ńkọ́?"

Bàbá Ìbíyẹmí ni onílé wa. Kò sí ìjà tó dá sí tí kò parí. Ìyàwó mẹ́ta ló ti kẹ́rù jáde ní àdúgbò wa tó jẹ́ pé òun ló bẹ̀ wọ́n padà sílé ọkọ. Awakọ̀ kan tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́, òun ló bá a bẹ ọ̀gá rẹ̀. Ó yẹ kí n ti fura láti ibẹ̀. Mo lọ bá a, mo ṣàlàyé, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

"Ó ti yé mi," ni Bàbá wí. "Ìwọ ṣá pa ẹnu rẹ mọ́."

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, a dé ọ́fíìsì máníjà. Babárìndé ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Kò sí ibi tí Bàbá máa jókòó, ni máníjà bá ní kí Babárìndé gbé àga wá láti ọ́fíìsì tirẹ̀. Àga mi ló gbé wá. Bàbá jókòó, ó fẹ̀yìn tì, ó tún ara ṣe díẹ̀.

"Àga yìí dára," ó wí.

Mo ṣí ìwé mi, mo kà á sétí wọn. Ewé méjìlá ni. Nígbà tí mo dé orí fìlà, máníjà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ṣé lóòótọ́ ni pé ó ń kí fìlà yín?" ó bi Babárìndé.

"Eré ni, sà. Ìkíni kì í pààyàn."

"Ìgbà mélòó?"

Mo wo ìwé. "Igba ó lé mẹ́tàdínlógún, sà."

"Fìlà náà dáhùn rí?"

"Rárá, sà."

Babárìndé dorí kodò. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ń lọ dáadáa. Mo wo Bàbá, pé ó tó àkókò kó dárúkọ oṣù mẹ́fà.

Bàbá húkọ́. "Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí," ó bẹ̀rẹ̀, "ọwọ́ òsì la fi ń fà á mọ́ra."

Òwe yẹn kọ́ la fi ń gba owó. Òwe tí a fi ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ tó ṣẹ̀ ni.

"Ọmọ yín ni Ràímì yìí," ni Bàbá ń bá a lọ. "Ohun yòówù kó ṣe, ẹ foríjì í. Ó níyàwó, ó bímọ. Ẹ má lé e."

"Bàbá," mo sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "bá a ṣe sọ ọ́ kọ́ nìyẹn."

"Dákẹ́. Ẹnu rẹ yìí náà ló fà á."

Kí n tó nawọ́, Bàbá ti ṣí fìlà rẹ̀, ó ti fi í sórí àga, ó sì ti ń kúnlẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀. Gbogbo orí rẹ̀ ló funfun. Kò sí ọmọ tí Yorùbá bí tí yóò jókòó kí irú orí bẹ́ẹ̀ kanlẹ̀ níwájú rẹ̀. Máníjà fò dìde, ó gbá a mú lápá méjèèjì.

"Bàbá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti gbọ́. Kó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. A ó wá nǹkan tí yóò máa ṣe lábẹ́ Babárìndé bíi ti tẹ́lẹ̀."

"Ọlọ́run á gbè yín." Bàbá yíjú sí mi. "Dọ̀bálẹ̀, kí o dúpẹ́."

Mo dọ̀bálẹ̀. Símẹ́ńtì ilẹ̀ náà tutù. Ẹsẹ̀ àga mi ló wà níwájú mi, mo wòkè, fìlà tún ti jókòó sórí rẹ̀.

Babárìndé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìwé pupa tó wà lọ́wọ́ mi ló ń wò, bí ẹni tó ń ka iye ewé tó kù.

"Sà, ṣé ìwé yẹn náà ń padà bọ̀?"

"Ìwé rẹ̀ ni," ni máníjà wí.

Babárìndé yíjú sí máníjà. "Sà, ẹ jẹ́ ó máa lọ jàre. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta."

"Mẹ́fà," mo wí láti ilẹ̀.

"Mẹ́fà ni, sà. Mẹ́fà kò pọ̀ jù. Ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó lórí ìdúró."

"Àti lẹ́tà pé n kò jẹ̀bi."

"Kó kọ ọ́ bó ṣe fẹ́, sà, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i. Ó kúkú mọ̀wé."

"Àti àga mi."

Gbogbo wa wo àga. Babárìndé mí kanlẹ̀. "Ẹ fún un ní àga, sà."

"Kí lẹ̀ ń ṣe yìí?" ni Bàbá wí. "Mo ti bá a gba iṣẹ́ padà." Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ èmi àti Babárìndé bára mu nìyẹn, a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bà á jẹ́. Máníjà wo èmi, ó wo Babárìndé, ó sì mú kálàmù.

Mo fi lẹ́tà sápò, mo gbé àga lérí. Bàbá ń lọ níwájú. Ní Akówonjo, obìnrin kan bi wá bóyá à ń ta àga náà.

"Ẹ má dá a lóhùn," ni Bàbá wí fún obìnrin náà. "Wọ́n fún un níṣẹ́, ó ní àga lòun fẹ́."

A délé. Mo gbé àga kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì wọlé lọ pe Hàbíbátù kó wá wo bí mo ṣe máa jókòó. Nígbà tí a jáde, Bàbá ti wà lórí rẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì, ó gbé fìlà lé orúnkún.

"Iṣẹ́ kékeré kọ́ ni mo ṣe lónìí," ó wí.

Hàbíbátù wò mí. Mo tẹ̀ dáadáa, mo kí Bàbá kú iṣẹ́. Lẹ́yìn náà mo wọlé, mo ṣí ìwé pupa: "Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹjọ ọdún 1977, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Mo gba àga mi padà. Mo ṣì wà lórí ìdúró."