Òdo Tí Mo-Ti-Rí-I Kò Rí

Mo-Ti-Rí-I ni gbogbo ẹ̀ka físíìsì ń pe Prọfẹ́sọ̀ yìí, lẹ́yìn rẹ̀ ni o, nítorí kò sí ọdún tí kì í rí nǹkan tuntun. Tọdún yìí wá légbá kan: ó ní òun rí agbára nínú òfìfo, níbi tí kò sí ìràwọ̀, tí kò sí ilẹ̀, tí kò sí nǹkan kan rárá. Ọ̀la ni yóò kéde rẹ̀ ní gbọ̀ngàn. Ó wá pe olùkọ́ obìnrin tó wà lábẹ́ rẹ̀ sí ọ́fíìsì, kó fi orúkọ tirẹ̀ náà sí i.

Ẹnu ọkùnrin yìí ni ìgbéga obìnrin náà wà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ti wo ìṣirò tó wà lójú pátákó, ó rí àṣìṣe ibẹ̀. Òfìfo tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ onítáìlì ni Prọfẹ́sọ̀ mú, ó wá fi ìlà tó ń yí po àárín kan wọ̀n ọ́n. Nọ́mbà ìsopọ̀ ló máa ń sọ bí ìlà tí a fi ń wọn nǹkan ṣe ń yí padà láti ibì kan dé ibòmíràn. Tirẹ̀ kò jẹ́ òdo, ló bá ní agbára ló fà á. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà wíwọ́, ó wá ń pariwo pé ilẹ̀ ló wọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí a bá fi ìlà gbọọrọ tó dábùú ara wọn wọn ibẹ̀ yẹn ńkọ́?”

“Òdo ni gbogbo ẹ̀ máa jẹ́. Ìlà gbọọrọ ló ń fi agbára náà pa mọ́.”

Díẹ̀ ló kù kí ẹ̀rín pa á. “Ṣé ẹ wá wò ó bóyá ibẹ̀ tẹ̀ lóòótọ́?”

“Mo wò ó. Òdì ọ̀kan ni mo rí.”

Ìdajì iṣẹ́ ni bàbá yìí ṣe. Ó wo bí àwọn nọ́mbà náà ṣe ń yí padà, kò sì sọ wọ́n di púpọ̀ láàárín ara wọn. Obìnrin náà mú ṣọ́ọ̀kì, ó parí rẹ̀. Ọ̀kan jáde, ó pàdé òdì ọ̀kan, wọ́n pa ara wọn rẹ́: ibẹ̀ kò tẹ̀, agbára kankan kò sí níbẹ̀. Òdo.

Prọfẹ́sọ̀ dìde, ó ti ilẹ̀kùn. “Ta ló máa wò ó dé ibẹ̀ yẹn? Fọwọ́ sí i, jàre. Ìgbìmọ̀ ìgbéga ń jókòó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Wọ́n ní torí pé a fẹ́ jẹran, a kì í pe màlúù ní bùọ̀dá. Ẹran náà wu obìnrin náà jẹ o, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó dùn ún wọra bó ti ń gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

“Mi ò lè fọwọ́ sí i, sà. Ẹ fi ìgbéga mi ta ẹlòmíì lọ́rẹ.”

Mo-Ti-Rí-I fìdí lélẹ̀ lórí àga. “Mo ti pe èèyàn. Àwọn àna mi ń bọ̀. Kí ni mo máa wá sọ fún wọn lọ́la?”

Obìnrin náà ti ṣí ilẹ̀kùn. “Ẹ sọ pé òdo ni, sà. Àmọ́ ẹ má sọ pé ẹ̀yin lẹ rí i.”