Ikú Paloma Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún

Ní Santa Brígida tiwa, lẹ́sẹ̀ òkè Turrialba, bí o bá pe "Paloma!" nínú pápá, bí ogún màlúù ni yóò gbórí sókè. Paloma Fidelina, Paloma Tiburcio, bí a ti ń pè wọ́n nìyẹn. Ẹgbẹ́ àwa asinmàlúù ti fi nọ́ńbà sí wọn létí o, a sì ti kọ gbogbo wọn sínú kọ̀ǹpútà, màlúù kan, ìlà kan. Èmi Abdenago ni akọ̀wé tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi nọ́ńbà pe màlúù?

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje wàrà, Bàbá Tiburcio pè mí lórí fóònù pé Paloma òun kú. Mo bá a kẹ́dùn, mo jókòó, mo pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà: màlúù tó ń jẹ́ Paloma, kọ ọ́ pé ó ti kú. Kọ̀ǹpútà fèsì pé ìlà mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ti yí padà. Mo rí i. Kọfí mi ló ń tutù, mo sì ṣe bí ẹni pé ó kí mi ni.

A sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ló bà. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, Màmá Fidelina já wọlé. Odidi ọdún kan ni opó yìí fi bọ́ Paloma rẹ̀ nítorí ìdíje náà. Aago mẹ́wàá ni wọn yóò ti géètì pápá ìdíje.

"Abdenago, ta ló pa màlúù mi?"

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Àárọ̀ wo? Ọlọ́dẹ géètì ní ìwé ẹgbẹ́ sọ pé ó ti kú, pé òkú kì í wọdíje. Mo ní kó bi òkú náà léèrè, òun ló ń jẹ àkẹtẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí!"

Ẹ̀gbọ́n Zoraida, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ àkọsílẹ̀ yìí, yọjú láti yàrá kejì. "Ìlà mélòó ló ní ó yí padà?"

"Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún."

"O pa mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, o sì jókòó mu kọfí?"

Mo sáré nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. "Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ pé gbogbo Paloma ti yè."

Ó gbá mi lọ́wọ́. "Àwọn tó ti kú látọdún mélòó kan ńkọ́? Ṣé wàá jí àwọn náà dìde? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tàná tí a tọ́jú wà níbẹ̀. Ní kó kọ́kọ́ fi àwọn Paloma tó wà láàyè lánàá hàn ọ́. Wíwò lásán ni o, má tíì yí nǹkan kan. Nọ́ńbà etí ni kó o fi mú wọn, orúkọ kọ́."

Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló jáde. Ti Bàbá Tiburcio wà nínú wọn, ṣùgbọ́n èwo ni? Mo pè é.

"Bàbá, kí ni nọ́ńbà Paloma yín?"

"Ọdún mẹ́sàn-án la fi jọ gbé, kò sọ nọ́ńbà kankan fún mi."

"Ó wà létí rẹ̀!"

"Dúró, jẹ́ n lọ wo òkú náà létí."

Màmá Fidelina ń wo aago, ó ń gbàdúrà, ó sì ń bú mi láàárín àdúrà. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni bàbá padà sórí fóònù: ẹgbẹ̀rún méjì ó lé mẹ́fà. A yọ ọ́ kúrò, ó ku mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

"Wàyí," Zoraida wí, "pàṣẹ fún un bí ẹni tó ṣì lè yí ọkàn padà. Ohun tó bá ṣe kò tíì dúró, àfi bí o bá fọwọ́ sí i. Bí kì í bá ṣe mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló pè, dá a padà."

Mo pàṣẹ pé kó kọ wọ́n pé wọ́n wà láàyè. Ìlà mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Mo fọwọ́ sí i.

Màmá Fidelina ti ń sáré lọ kí n tó gbójú sókè. Wọ́n ní ìṣẹ́jú kan ló kù tí ọlọ́dẹ fi ṣí géètì, òun fúnra rẹ̀ ló sì ti Paloma lẹ́yìn kó lè wọlé.

Ipò kejì ni wọ́n gbà. Ìdajì lítà ló dín. Màmá Fidelina ní ikú tí mo fi pa á láàárọ̀ ló gba ìdajì lítà náà lára rẹ̀, ta ni yóò bá a jiyàn? Láti ìgbà náà, bí màlúù rẹ̀ kan bá bímọ, yóò gbé àga wá tì mí, kò sì ní dìde àfi tí mo bá kọ ọmọ náà sílẹ̀, tí mo sì ka iye ìlà tó yí padà sí i létí.

"Ọ̀kan, Màmá."

"Tún un kà."